Ọpẹ́ Kẹta

Mo já kọ́ọ̀bù omi gbà lọ́wọ́ ìyá mi kí ó tó kan ètè rẹ̀, mo sì da omi náà sílẹ̀. Ọmọ gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá rẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mo ti rí abẹ́ fèrèsé ara ògiri, èyí tí kì í ṣe ti atẹ́gùn, níbi tí Akàwé, ẹ̀rọ tó ń kàwé fún wa, ń gbé. Àtùpà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju hóró àgbàdo lọ. Méjì ti tàn. Bí Màámi bá fi lè fọ ẹnu tán láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò fi ẹnu náà sọ ni yóò tan ẹ̀kẹta.

Màámi tẹ orí sílẹ̀ kí ó lè rí omi tó ń ṣàn lọ sábẹ́ àga, nítorí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ó fa etí ìró rẹ̀ sókè, ó fi bo ẹnu. Kò fẹ́ kí ẹnu àìfọ̀ fẹ́ sí ènìyàn lójú, ìbáà jẹ́ ọmọ tó bí.

"Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù," ó wí. "Ìwọ tí o da tèmi nù, Àwẹ̀ró, ibo lo fẹ́ kí n tẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Màámi. Ìgbà wo lẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Lọ́wọ́ ta?"

"Akàwé. Iná méjì ti tàn lábẹ́ ẹ̀."

"Ẹ káàárọ̀, Arábìnrin Mopélọ́lá," ni Akàwé fi orúkọ ìwé mi kí mi láti inú ògiri. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún ọmọdé lábẹ́rẹ́. "Omi Màmá ti dànù. Ṣé kí n ní kí ẹ̀rọ da òmíràn fún wọn?"

"Dákẹ́," ni mo wí fún un.

Ó dákẹ́. Òfin fún wa láyè láti ní kí ó dákẹ́, àfi bí ewu bá dé. Kò fún wa láyè láti pa á, tàbí láti fi aṣọ bò ó lójú. Ilé tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn ọlọ́fẹ̀ẹ́, àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ fún wa láìgbowó, ni yóò kẹ̀yìn sí i lọ́jọ́ kan náà: èyí tó ń ṣílẹ̀kùn, èyí tó ń pe dókítà, èyí tó ń da omi. Ilé Màámi sì ni ilé yìí. Ohùn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ omi ń gbọ́, èmi kàn ń jẹ̀gbádùn lẹ́yìn rẹ̀ ni.

"Ó dáa, gbọ́," ni Màámi wí lẹ́yìn etí ìró. "Lálẹ́ ìjẹrin, ó ka Sáàmù fún mi títí oorun fi gbé mi lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ìjẹta mọ́, mo fọ ẹnu mi, mo ní ẹ kú àná o, ẹ ṣé o. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ó bá mi wá gèlè mi tó ti sọnù. Nígbà tí ilẹ̀ àná mọ́, mo tún kí i. Àná yìí kan náà ló sọ fún mi pé iná ti fẹ́ jó ọbẹ̀. Kí n wá jí lónìí kí n máa wò ó lójú bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni."

Bàtà ni mo ń ṣe. Ilẹ̀ kì í mọ́ bá mi nílé, nítorí àwọn oníbàtà mi kì í fẹ́ dúró. Bí kì í bá ṣe pé òní jẹ́ ọjọ́ ìmọ́tótó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù kí agogo ọ̀sán tó dún, orí bẹ́ǹṣì ni n bá wà nígbà tí ìyá mi bá ń fi ẹnu ara rẹ̀ ta ara rẹ̀. 

"Màámi, wọn kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ mọ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀yin kì í dúpẹ́. Ẹ ní ẹ ò dúpẹ́, ẹ ò sì yéé gba oore. Bí a bá ní ká jẹ èkuru kó tán, a kì í tún gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo."

Lára ògiri ilé ìwé wa ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà, nígbà tí mo wà ní kékeré: LÒ Ó, MÁ DÚPẸ́. Olùkọ́ wa á ní kí Akàwé ka ìtàn aládùn kan fún wa, bó bá sì ti parí, gbogbo wa á fi eyín tẹ ètè ìsàlẹ̀ títí iná fèrèsé á fi wálẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé nígbà tí àwọn ọlọ́fẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ dé, ilé ẹjọ́ ní ohun tí wọ́n bá ti pè ní ọ̀fẹ́, wọn kò gbọdọ̀ gba nǹkan kan lé e, àyàfi ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ fún wọn. Àwọn èèyàn wa kò sì ní ohun méjì tí wọ́n ń fi ẹnu fún ẹni tó ṣe wọ́n lóore. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn láàárọ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ léra ti jẹ́wọ́ pé olóore òun ni. Olóore ló sì mọ ohun tó dára fún ẹni. Òun ni yóò máa fi ohùn ẹni sọ ọ́, ohùn yẹn nìkan sì ni ilé yóò máa gbọ́.

Èmi kò dúpẹ́ lọ́wọ́ fèrèsé kankan rí. Mo máa ń fi í yangàn láàárín ẹgbẹ́ mi pé bí wọ́n bá fi idà sí mi lọ́rùn, wọn kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Mo fa Màámi lọ́wọ́ lọ sí fèrèsé gidi, èyí tó kọjú sí ilé Bàbá Láníyonu ní òdìkejì ọ̀nà. Kò lè rí bàbá náà, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tó máa ń jókòó sí. Ẹ̀yìn gíláàsì ni, láti àárọ̀ títí di àṣálẹ́. Bó ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gíláàsì náà díẹ̀díẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń ṣí, tó ń pa dé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Fẹ̀hìntọlá, dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn," la gbọ́ tó wí.

Ohùn Bàbá Láníyonu dá a lóhùn láti ara ògiri. Ó mọ́ kedere. Ikọ́ tó ti ń há bàbá náà lọ́fun láti ọdún yìí wá kò sí nínú rẹ̀ rárá. "Mo wà dáadáa, ọmọ mi. Ebi ò pa mí. Mi ò fẹ́ jáde lónìí. Máa lọ sílé."

Fẹ̀hìntọlá dúró díẹ̀ sí i, ó wo bàbá rẹ̀ lójú, ó sì gbé abọ́ rẹ̀ padà lọ.

"Amọ̀nà ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, ọlọ́fẹ̀ẹ́ tó máa ń júwe ọ̀nà fún wọn," ni mo sọ sí Màámi létí. "Àárọ̀ méjì péré ni bàbá fúnra wọn dúpẹ́. Fẹ̀hìntọlá ló wá kí wọn ní àárọ̀ kẹta, tó ní ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Amọ̀nà o, tó ń tọ́jú bàbá wa. Wọ́n ka tiẹ̀ mọ́ tiwọn. Ọmọ ló máa ń bá òbí dúpẹ́ oore, òfin mọ ìyẹn náà."

Ọwọ́ Màámi tutù nínú ọwọ́ mi.

"Ẹ ṣe ìlérí fún mi pé ẹ ò ní sọ ọ́," ni mo wí.

"Mi ò lè ṣèlérí. Kí wọ́n tó bí ọ ni ẹnu mi ti ń sọ ọ́. Bí mo bá ti lè fọ̀ ọ́ báyìí, òun fúnra ẹ̀ ni yóò sọ ọ́, mi ò ní mọ̀ pé ó ti jáde."

"Ẹ má fọ̀ ọ́, nígbà náà."

Ó yí ojú sí mi. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ìyá mi lè jìyà, ó lè gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní fi ẹnu àìfọ̀ kí ẹnikẹ́ni láé, kí a má tíì sọ pé kó fi í dúpẹ́.

"Ọpẹ́ àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń kà," ni mo wí. "Bí agogo ọ̀sán bá fi lè dún láìjẹ́ pé ẹ dúpẹ́, iná méjèèjì á kú. Lẹ́yìn ìyẹn, n ó wá ẹni tí á máa jókòó tì yín."

"Ẹnu àìfọ̀ kì í ṣe ẹnu eré, Àwẹ̀ró. Ohun téèyàn bá fi sọ máa ń rìn jìnnà. Èpè ni wọ́n ń fi ṣẹ́, àti àdúrà tó bá le."

"Ẹ ò ṣáà ní sọ nǹkan kan rárá."

Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó tún etí ìró bo ẹnu. Bẹ́ẹ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ọ̀sán.

Akàwé dákẹ́ bí mo ṣe ní kó dákẹ́, àmọ́ oore rẹ̀ kò dákẹ́. Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í ta sí Màámi lójú, kọ́tìnnì rọra fà wá sí àárín fúnra rẹ̀. Nígbà tí òógùn yọ níwájú orí rẹ̀, fáànù yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀ ni Màámi máa ń mi lórí àga, tí á yí ojú sí ògiri, tí ọ̀fun rẹ̀ á lọ sókè sódò bí ẹni tó fẹ́ gbé nǹkan mì. Èmi náà á dìde dúró. N kò tíì bẹ̀rù nǹkan tó ń ṣe mí lóore tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bíi pé ó ń yọ́ rìn bọ̀ wá bá wa nínú yàrá náà, tí n kò sì lè tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kò pẹ́ tí ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ ra á, omi ń dà níbẹ̀. Àárọ̀ ló yẹ kó ti lo oògùn ojú, wàhálà omi ló jẹ́ kí n gbàgbé.

"Ẹ dúró, mò ń mú un bọ̀," ni mo wí.

Akàwé ló máa ń sọ fún un èwo ni oògùn ojú nínú àwọn igo orí tábìlì. Kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkan sára igo mọ́. Àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn, funfun, kékeré, pẹ̀lú àmì bíńtín nídìí tó jẹ́ pé ojú Akàwé nìkan ló lè kà á. Ìgbà tí akàwé ọ̀fẹ́ ti wà nínú gbogbo ilé, ta ló tún fẹ́ fi yíǹkì ṣòfò? Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kó kà á fún mi, oore mìíràn nìyẹn, Màámi á sì gbọ́. Mo ní n kò ní bi í. Mo ti rí igo náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Mo mú èyí tó wà létí tábìlì, níbi tó máa ń gbé e sí.

Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Mo gbé orí rẹ̀ lé àyà mi, mo fi ìka méjì la ìpéǹpéjú rẹ̀. Ẹyin ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń wo òkè láìrí nǹkan kan. Mo ṣí igo, mo sì dorí rẹ̀ kọ ojú náà.

"Àwẹ̀ró! Gọ́ọ̀mù ni!"

Ọwọ́ mi fò. Ẹ̀kán kan jábọ́ sórí àtàǹpàkò mi, ó gan lójú ẹsẹ̀, awọ ara mi sì fà jọ. Gọ́ọ̀mù bàtà ni. Igo tí mo mú wá láti ṣọ́ọ̀bù lánàá ni, tí èmi fúnra mi gbé kalẹ̀ sétí tábìlì nígbà tó ti rẹ̀ mí. N kò tilẹ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí imú mi ti mọ òórùn gọ́ọ̀mù débi tí kò fi kà á sí òórùn mọ́. Bó bá jẹ́ pé ó jábọ́ ní ìwọ̀n ìka kan sí apá òsì, ojú ìyá mi ti lẹ̀ pa títí láé, èmi ọmọ rẹ̀ ni n bá sì fi ọwọ́ mi lẹ̀ ẹ́.

Mo ti wà lórí eékún kí n tó mọ̀.

"Ha, ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an ni. Ojú yín ò ní ríbi láéláé. Ẹ ṣé."

Lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ tán ni mo wá ronú ẹni tó pè mí. Màámi nìkan ló ń pè mí ní Àwẹ̀ró. Etí ìró ṣì wà lẹ́nu Màámi. Kò mọ ohun tó wà nínú igo, kò sì lè rí i.

Mo gbé ojú sókè. Àtùpà kẹta ti tàn.

Fáànù ń yí. N kò lè dìde.

"Kò tọ́pẹ́, Mopélọ́lá," ni Akàwé wí pẹ̀lú ohùn nọ́ọ̀sì rẹ̀. "Ẹ kú ìmoore."

"Èmi ni mo dúpẹ́," ni mo wí. "Èmi ni. Kì í ṣe àwọn. Wọn ò tíì fọ ẹnu pàápàá. Wọn ò sọ nǹkan kan."

"Ojú wọn ni a gbà là. Ẹ bá wọn dúpẹ́. Ọmọ ló ń bá òbí dúpẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́. Mo bẹ̀ yín."

Kò dá mi lóhùn mọ́ pẹ̀lú ohùn yẹn. Ohùn tó tẹ̀ lé e jáde láti ara ògiri jẹ́ ohùn ìyá mi, ohùn rẹ̀ nígbà tí eyín rẹ̀ ṣì pé, tó máa ń pè mí wọlé láti inú òjò. "Dìde nílẹ̀, Àwẹ̀ró. Inú mi dùn sí ọ."

Màámi ju etí ìró sílẹ̀. Kò lè rí àtùpà, ṣùgbọ́n ta ni kò ní mọ ohùn ara rẹ̀? Ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wá mi kiri nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi kàn mí lórí, ó sì di irun mi mú.

"Ta nìyẹn?" ó wí.

Mo dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ń sunkún. Agogo ọ̀sán dún láti orí òkè, ó dún pẹ́, gbogbo àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣílẹ̀kùn, àwọn ọmọdé ń sáré jáde. Iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò kú.

"Ọ̀sán ti pọ́n," ni Màámi wí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Bu omi fún mi, ọmọ mi. Ẹnu mi korò. Jẹ́ kí n fọ̀ ọ́."

Mo dìde, mo mú kọ́ọ̀bù, mo gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà kò da nǹkan kan. Mo ní, "Omi." Mo ní, "Màámi ló fẹ́ omi." Màámi fúnra rẹ̀ pariwo láti orí àga pé kó dà á.

"Òùngbẹ ò gbẹ mí," ni ohùn rẹ̀ wí láti ara ògiri.

"Ẹnu ni wọ́n fẹ́ fọ̀," ni mo wí. "Láti àárọ̀ ni wọn ò tíì fọ ẹnu."

"Láàárọ̀ ni mo gbé omi, Àwẹ̀ró. Ìwọ lo gbà á lọ́wọ́ mi, o dà á nù, o ní kí n má fọ ẹnu. Ọmọ mi mọ ohun tó dára fún mi. Mi ò fẹ́ omi mọ́."

Mo sáré lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ lọ tọrọ omi lọ́dọ̀ Fẹ̀hìntọlá, mo fẹ́ pe ènìyàn, mo fẹ́ jáde kúrò nínú ilé yẹn lọ́nà yòówù. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Mo fi èjìká gbá a. Mo pariwo.

"Má jáde," ni ìyá mi wí láti ara ògiri. "Oòrùn ti mú. Jókòó tì mí."

Láti fèrèsé gidi, mo rí Bàbá Láníyonu lẹ́yìn gíláàsì tirẹ̀. Ó ti gbọ́ igbe mi. Kò gbá gíláàsì mọ́. Ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i, ó ń wò mí.

Mo yí padà. Màámi ti dìde lórí àga. Ó fi ọwọ́ tọ ògiri lọ títí ó fi dé iwájú fèrèsé Akàwé, ó sì nà ró níbẹ̀, òun tó máa ń kúnlẹ̀ fún ọmọ kékeré tó bá bá a gbé ẹrù. Etí ìró kò sí lẹ́nu rẹ̀. Èémí ẹnu àìfọ̀ rẹ̀ ń fẹ́ sára gíláàsì, ó ń di ìrì.

"Gbọ́," ó wí, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò tíì lo ọ̀rọ̀ náà rí láyé. "Mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Láti àárọ̀ ni mo ti fi ẹnu yìí pa mọ́. Mi ò dúpẹ́."

Àtùpà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tàn.

"Ẹ kú àná o," ni ohùn rẹ̀ wí láti ara ògiri, ó mọ́ tónítóní, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ẹnu tán. "Ẹ ṣé. Mo dúpẹ́ gan-an ni."

Màámi gbọ́ ọ títí dé ìparí. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó wá etí ìró rẹ̀ kàn, ó sì tún fi bo ẹnu.